Ìkòkò tó wà lábẹ́ koríko: àyẹ̀wò koríko àtọwọ́dá fún ajá lórí ilẹ̀ alámọ̀

Ọdún mẹ́ta ni koríko àtọwọ́dá ti wà ní ẹ̀yìnkùlé mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni a sì ti tẹ́ ẹ. Ti àkọ́kọ́ kò lò ju oṣù mẹ́rìnlá lọ kí n tó ní kí wọ́n ká a kúrò. Èkejì ti lo ọdún kan àti oṣù mẹ́sàn-án báyìí, n kò sì tíì rí ohun tí yóò mú mi ká a. Ajá méjì ló ń lo ibẹ̀ lójoojúmọ́: Dúdú, àgbà ajá tó wọn ọgbọ̀n kìlógíráàmù, tí oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń yọ ọ́ lẹ́nu, àti Kékeré, tí kò tíì pé ọmọ ọdún kan nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, tí èékánná rẹ̀ kì í sì í fi ilẹ̀ lọ́rùn sílẹ̀. Koríko àkọ́kọ́ náà gan-an kò ní àbùkù tó pọ̀. Mo gé díẹ̀ pa mọ́ nínú rẹ̀, òun ni a ń fi nu ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn títí di òní. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló pa á, nítorí náà, ohun tó wà lábẹ́ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ mi yóò dá lé.

Kí n tó gbọ́ nípa koríko àtọwọ́dá rárá, koríko gidi ni mo ń gbìn, ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo sì gbìn ín. Nitrogen tó wà nínú ìtọ̀ ajá pọ̀ ju èyí tí koríko lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà lọ, ìdí nìyẹn tí ibi tí ajá bá ń tọ̀ sí léraléra fi ń jó di pupa rúsúrúsú. Ẹsẹ̀ wọn, tó ń sáré gba ojú kan náà lọ tó sì ń gba ojú kan náà bọ̀, ń ki amọ̀ mọ́lẹ̀ títí gbòǹgbò kò fi ní rí afẹ́fẹ́ mí. Tí òjò bá ti dá, gbogbo ẹ̀yìnkùlé a di ẹrọ̀fọ̀, ajá méjì a sì fi ẹsẹ̀ mẹ́jọ gbé e wọlé. Ẹnìkan wá sọ fún mi pé koríko oníke kan wà tí wọ́n dìídì ṣe nítorí ajá. N kò béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀, ibẹ̀ ni àṣìṣe mi sì ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tó kọ́kọ́ wá ṣiṣẹ́ náà kì í ṣe ọ̀lẹ, ó yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n dé ní àsìkò, wọ́n wa ilẹ̀ wọlé tó sẹ̀ǹtímítà méje ààbọ̀, wọ́n da sítóòn dọ́ọ̀sì sí i, wọ́n fi ẹ̀rọ lù ú mọ́lẹ̀ títí ó fi le koránkorán, wọ́n sì tẹ́ koríko lé e lórí láàárín ọjọ́ méjì. Ilẹ̀ náà tẹ́jú bíi tábìlì, ọ̀gá wọn sì fi èyí yangàn. Mo bi í pé, "Ọ̀gá, níbo ni omi máa gbà jáde?" Ó ṣí ẹ̀yìn koríko náà hàn mí, ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ wo bí ihò ṣe pọ̀ tó, omi kò ní dúró." Òótọ́ ló sọ nípa ihò, mo wọ̀n ọ́n, ihò kan wà ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá. Ohun tí n kò béèrè, tí òun náà kò sì sọ, ni ibi tí omi yóò gbà lẹ́yìn tó bá ti kọjá nínú ihò.

Amọ̀ kì í ṣe ilẹ̀ lásán. Hóró rẹ̀ tó tóbi jù kò ju ìdá 2 nínú 1,000 mìlímítà kan lọ, wọ́n sì lẹ̀ mọ́ ara wọn débi pé omi kì í tètè rí àyè kọjá láàárín wọn. Ohun tí amọ̀kòkò ń wá nìyẹn. Òun gan-an ni ẹni tó ń tẹ́ koríko gbọ́dọ̀ bẹ̀rù. Ẹni tó bá gbẹ́ kòtò sínú amọ̀, ìkòkò ló mọ. Bí ó bá kó òkúta kún inú rẹ̀, ìkòkò tó kún fún òkúta ló ní, ìdí rẹ̀ kò sì tíì lu. Ẹ̀yìnkùlé mi gùn ní mítà 8, ó fẹ̀ ní mítà 5, èyí tó jẹ́ 40 mítà onígun mẹ́rin. Òjò tó bá rọ̀ tó mìlímítà 25 péré, tí kì í ṣe òjò ńlá, ti da 1,000 lítà omi sórí rẹ̀. Ẹ wá fi ìtọ̀ kún un: ajá tó tóbi tó Dúdú lè tọ̀ tó lítà kan lóòjọ́, ìyẹn ni pé láàárín ọdún kan òun nìkan lè bu ohun tó lé ní 300 lítà sínú ìkòkò náà, kí a tó dárúkọ Kékeré. Sítóòn dọ́ọ̀sì tí wọ́n lù mọ́lẹ̀ kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní àyè kankan láàárín hóró rẹ̀ tí omi lè sá pamọ́ sí. Orí ni gbogbo rẹ̀ ń padà sí.

Ní oṣù karùn-ún ni òórùn bẹ̀rẹ̀. Ìtọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kì í rùn tó bẹ́ẹ̀. Èròjà kan tí ń jẹ́ urea ló wà nínú rẹ̀, bí ó bá sì ti dúró sójú kan, àwọn bakitéríà tí ojú kò lè rí a bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ ọ, gáàsì ammonia tí ń ta ni nímú a sì jáde láti inú rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣe móoru tó, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ wọn ń yá tó. Ìdí nìyẹn tí òórùn náà fi máa ń lọ sílẹ̀ ní òwúrọ̀, tó sì máa ń dé pẹ̀lú agbára ní ọ̀sán, nígbà tí àlejò bá wà nílé. Mo pe àwọn tó tẹ́ ẹ. Wọ́n ní kí n ra ike oògùn kan tó ń ta sánsán, kí n máa fọ́n ọn sí i lọ́sẹ̀ẹ̀sẹ̀. Mo fọ́n ọn títí, ẹ̀yìnkùlé mi wá ń rùn bí ìtọ̀ tó fi lọ́fínńdà para. Ìsàlẹ̀ ọrọ̀ lẹ́gbin, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé abẹ́ koríko mi ni wọ́n ń bá wí.

Òórùn nìkan kọ́. Amọ̀ tó bá mu omi a wú, èyí tó bá gbẹ a súnkì, a sì là. Nígbà tí ọ̀gbẹ dé, igun kan lẹ́bàá ògiri rì tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin, ìṣó yọrí, ojú tí wọ́n ti lẹ koríko méjì pọ̀ sì yà. Ojú yíyà kì í ṣe nǹkan kékeré fún ilé tó ní ọmọ ajá. Kékeré ti imú bọ̀ ọ́, ó fi eyín mú un, ó sì ń fà á bí ẹni ń bó awọ. Ọjọ́ tí a wá ká gbogbo rẹ̀ kúrò, a kò rí òkúta mọ́. Ẹrẹ̀ dúdú kan tó ń yọ̀ ni a bá, nítorí wọn kò tẹ́ ohunkóhun sáàárín amọ̀ àti ohun tí wọ́n dà sí i, amọ̀ sì ti gòkè wá pò mọ́ ọn. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Obìnrin tó gba iṣẹ́ náà ní ìgbà kejì kò mú àwòrán koríko kankan wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ṣọ́bìrì àti korobá omi ló mú wá. Ó bu ilẹ̀ díẹ̀, ó fi omi pò ó, ó sì ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ jáde lórí ìka ìfábẹ̀lá bí ẹni ń tẹ okùn pẹlẹbẹ. Ó ní bí okùn náà bá já kó tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀, amọ̀ inú ilẹ̀ náà kò pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá gùn kọjá sẹ̀ǹtímítà márùn-ún kó tó já, amọ̀ gidi nìyẹn. Tèmi gùn tó ìka àárín mi. Lẹ́yìn náà ó gbẹ́ ihò tó jìn ní ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà, ó bu omi kún un, ó jẹ́ kó mu ún, ó tún bu omi kún un, ó wá fi igi wọ̀n ọ́n lẹ́yìn wákàtí kan. Mìlímítà mẹ́fà péré ni omi fi lọ sílẹ̀. Mo ní, "Ṣé a kò lè po yanrìn mọ́ amọ̀ náà kó lè rọ̀?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní yanrìn díẹ̀ nínú amọ̀ kì í sọ ọ́ di ilẹ̀ rere, ó lè sọ ọ́ di ohun tó fẹ́ jọ bíríkì, àti pé gypsum, lúbúlúbú òkúta kan tí àwọn kan ń polówó, amọ̀ tí èròjà sodium pọ̀ nínú rẹ̀ nìkan ló wúlò fún. "Ẹ jẹ́ ká fi amọ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà," ó ní, "ká wá ọ̀nà fún omi."

Gbólóhùn yẹn ni mo sanwó fún, kí n má purọ́. Gbogbo ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀nà ló ń là fún omi. Ó kọ́kọ́ dúró kí ilẹ̀ gbẹ dáadáa, nítorí ẹni tó bá fi ẹ̀rọ lu amọ̀ tútù ń rẹ́ ojú rẹ̀ pọ̀ ni, ó sì ń tẹ ipa ẹsẹ̀ sínú rẹ̀ tí yóò di adágún lábẹ́lẹ̀. Ó wa ilẹ̀ wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 15. Lórí ìwé, ìyẹn jẹ́ kúbíìkì mítà 6, ṣùgbọ́n amọ̀ tí a bá hú jáde máa ń tú, a sì gba àyè sí i. Ohun tí a kó kúrò súnmọ́ kúbíìkì mítà 8, ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí kí ó ti mọ ibi tí yóò da ilẹ̀ sí kí ó tó gbé ṣọ́bìrì. Ìsàlẹ̀ kòtò náà kò tẹ́jú bíi tábìlì bí ti àkọ́kọ́. Ó fún un ní ìdagẹ̀rẹ̀ ìdá 1.5 nínú 100 láti ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà, èyí tó jẹ́ pé lórí mítà 5, ẹ̀gbẹ́ kejì fi mìlímítà 75 rẹlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ojú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí i. Omi rí i.

Ní ẹ̀gbẹ́ tó rẹlẹ̀ ni ó ti gbẹ́ poro kan tó jìn ju ìyókù lọ, tó sì tẹ́ páìpù oníhò tó fẹ̀ ní mìlímítà 100 sínú rẹ̀, tí òun náà dagẹ̀rẹ̀ ní mìlímítà 80 láti orí dé ìdí lórí mítà 8. Páìpù yìí ni ihò ìdí ìkòkò. Ó gba abẹ́ ọgbà jáde sí apá ilẹ̀ mi tó rẹlẹ̀, kì í ṣe sí ọ̀dọ̀ aládùúgbò, kì í sì í ṣe sínú odò, nítorí omi tó ń gbé ìtọ̀ ajá kì í ṣe omi tí ó yẹ kí a fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Lẹ́yìn páìpù ni ó tẹ́ aṣọ geotextile bo gbogbo amọ̀ náà. Aṣọ yìí nípọn bíi bùláńkẹ́ẹ̀tì, omi ń gbà á kọjá, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí òkúta rì sínú amọ̀ tàbí kí amọ̀ rú sínú òkúta. Níbi tí ègé méjì bá ti pàdé, ó jẹ́ kí ọ̀kan gun èkejì tó ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà. Nínú gbogbo ohun tí a rà, òun ni ó fúyẹ́ jù, ó sì lè jẹ́ pé òun ni àwọn àkọ́kọ́ yẹn ìbá fi gba iṣẹ́ wọn là dé ààyè kan.

Òkúta tí ó dà lé e lórí kò ní eruku kankan nínú. Ó ní kí n bu omi lé ẹ̀kúnwọ́ kan, kí n wò ó bí omi náà bá dọ̀tí. Òkúta fífọ́ olójú mímú ni, tó tó mìlímítà 20, nítorí òkúta róbótó inú odò máa ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀, kì í sì í dì mọ́ ara rẹ̀. Ó tẹ́ ẹ nípọn tó mìlímítà 100, ó lù ú mọ́lẹ̀ ní ìpele méjì, ó wá da wẹ́wẹ́ tó kéré sí i lé e lórí ní mìlímítà 40 kí ojú rẹ̀ lè jọ̀lọ̀. Àyè tó wà láàárín irú òkúta bẹ́ẹ̀ tó nǹkan bí ìdá 40 nínú 100, ìyẹn ni pé ìpele ìsàlẹ̀ nìkan lè gba nǹkan bí 1,600 lítà mọ́ra kí omi tó rí ojú ọ̀run. Òjò mìlímítà 25 tí mo ṣírò lókè yóò wọlé sínú rẹ̀ pátá, yóò dúró níbẹ̀ díẹ̀, yóò sì máa ṣàn lọ sínú páìpù ní pẹ̀lẹ́. Mo ti rí òjò tó lágbára ju ìyẹn lọ lẹ́yìn rẹ̀. Láàárín wákàtí kan tí ó dá, Dúdú ti dùbúlẹ̀ sórí koríko, ikùn rẹ̀ sì gbẹ.

Ó ku koríko fúnra rẹ̀, tó jẹ́ ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀. Èyí tí mo ní lọ́tẹ̀ yìí ga ní mìlímítà 30, polyethylene ni ewé rẹ̀, irú ike kan tó rọ̀ ju nylon lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ ajá tó ti dàgbà. Koríko tó ga jù ú lọ dára lójú, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ ajá máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, kíkó rẹ̀ a sì di iṣẹ́ ìyà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo gbóríyìn fún jù. Ti àkọ́kọ́ ní ihò lẹ́sẹẹsẹ, ohun tó bá sì bọ́ sáàárín ihò méjì, ibẹ̀ ni yóò dúró sí títí yóò fi gbẹ. Ti èkejì yìí, gbogbo ara rẹ̀ ni omi ń gbà kọjá bí asẹ́. A kan ìṣó mọ́ etí rẹ̀ ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 15, a sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgbátí kọnkéré lẹ́bàá ògiri níbi tí Kékeré ti máa ń wa ilẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ tó rẹlẹ̀, obìnrin náà dá ihò sí ara ìgbátí kọnkéré náà. Ó ní bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, òun kàn tún mọ ìkòkò mìíràn ni.

Mo fẹ́ yà bàrá díẹ̀. Orí pápá Astrodome, pápá ìṣeré kan tí wọ́n fi òrùlé bò ní Houston, ní Amẹ́ríkà, ni koríko àtọwọ́dá ti di olókìkí ní ọdún 1966, lẹ́yìn tí koríko gidi ti kú níbẹ̀ nítorí pé wọ́n kun òrùlé ọ̀hún láti dín ìmọ́lẹ̀ tó ń dí àwọn agbábọ́ọ̀lù lójú kù. Abẹ́ òrùlé ni ohun yìí ti kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tó lórúkọ, níbi tí òjò kì í rọ̀ sí, tí ajá kì í sì í tọ̀ sí. Tí ẹ bá rí ẹni tó ń tẹ́ ẹ bí ẹni pé òrùlé ṣì wà lórí rẹ̀, ẹ mọ̀ pé kò tíì kúrò ní Houston.

Ohun tí a ń dà sáàárín ewé rẹ̀ kí ó lè dúró ṣánṣán tún jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀. Ti àkọ́kọ́, hóró rọ́bà dúdú tí wọ́n lọ̀ láti ara táyà ni wọ́n dà sí i. Ó ń gba ooru mọ́ra, ó ń fa òórùn, ó sì ń bá irun ajá wọlé dórí àga. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ṣòfin ní ọdún 2023 pé kí títa irú hóró oníke bẹ́ẹ̀ fún pápá eré ìdárayá dópin lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ, nítorí pé ó ń ṣàn lọ sínú ilẹ̀ àti omi. Èyí tí mo ń lò báyìí ni zeolite, òkúta kan tó ní ihò tíntìntín káàkiri ara rẹ̀, tó sì máa ń di ammonium inú ìtọ̀ mú kó tó di gáàsì. Kìlógíráàmù méje ni a dà sórí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, a fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a wọlé nígbà tí koríko gbẹ táútáú, nítorí bí ó bá tutù, orí ewé ni yóò dì sí. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe idán. Ó máa ń kún, bí ó bá sì ti kún kò ní gba ohunkóhun mọ́. Lẹ́yìn ọdún kan, mo fi tuntun díẹ̀ kún un ní igun tí àwọn ajá méjèèjì yàn láàyò.

Oòrùn ni ohun tí n kò rí ojútùú gidi sí, ibẹ̀ sì ni mo ti yọ máàkì kúrò lára koríko yìí. Koríko gidi ń lé omi jáde láti ara ewé rẹ̀, ìyẹn ló ń tù ú lára. Ike kò ní omi tí yóò lé jáde. Ní ọ̀sán kan tí afẹ́fẹ́ wà ní ìwọ̀n 32°C, mo fi ẹ̀rọ ìwọnooru wo ojú rẹ̀, mo rí 62°C. Ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ yín lé e: bí ẹ kò bá lè gbé e síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá méje, ẹsẹ̀ ajá kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Omi tí a bá fọ́n sí i ń tù ú lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í tó ìdajì wákàtí tí yóò tún fi gbóná. Aṣọ ńlá tí a ta bò ó bí àtíbàbà ni ó ràn mí lọ́wọ́ jù, ó sì bo ìdajì rẹ̀ nìkan. Ní ìdajì kejì, láàárín ọ̀sán, kò sí ajá tó ń tẹ̀ ẹ́, àwọn náà kò sì nílò kí n kọ́ wọn. Mo tún gbọ́dọ̀ sọ pé ìmọ́lẹ̀ tó ta padà láti ara gíláàsì fèrèsé kan yọ́ ewé koríko náà lójú kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Ewé ibẹ̀ ká bí irun tí iná rà. Ẹni tó bá ní gíláàsì ńlá tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé kí ó wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń bà sí kí ó tó tẹ́ ohunkóhun.

Ní ti ọmọ ajá tó ń jẹ nǹkan, ẹ má ṣe fi òun nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ewé oníke tó bá gbé mì lè dí ìfun rẹ̀. Ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò tó fi hàn pé kò sí òjé nínú àwọ̀ rẹ̀ àti pé wọn kò lo PFAS, àwọn kẹ́míkà tí kì í tètè jẹrà; òjé ti wà nínú àwọ̀ àwọn koríko nylon kan látijọ́. Ẹni tí mo ra ti èkejì lọ́wọ́ rẹ̀ mú ìwé náà jáde láìjanpata. Ti àkọ́kọ́ ní òun yóò fi ránṣẹ́. Mo ṣì ń retí rẹ̀.

Àwọn tí ń ta á máa ń sọ pé kò nílò ìtọ́jú. Irọ́ ni. Mo ń kó ìgbẹ́ lójoojúmọ́, mo ń fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ bí òjò kò bá rọ̀, mo sì ń da oògùn ìfọ̀ tó ní enzyme sí i lóṣooṣù. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń fọ́ ohun tó ń rùn fúnra rẹ̀, kò dà bí olóòórùn dídùn tó kàn ń bo òórùn mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tó bá dé nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́. Lórí ilẹ̀ tó ti dí, kò lè dé ibi tí ìdọ̀tí wà. Mo tún ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbé ewé rẹ̀ dìde lójú ọ̀nà tí wọ́n ń sáré gbà. Bí inú ajá bá rú, kí Ọlọ́run gbà wá. Ọ̀sán ọjọ́ náà ti lọ.

Bí mo bá ní kí n fún koríko náà ní máàkì, mẹ́ta ààbọ̀ nínú márùn-ún ni, nítorí oòrùn. Iṣẹ́ abẹ́ rẹ̀ gba márùn-ún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó náà ni ó bá a lọ, tí àlejò kankan kò sì tíì yìn ín rí. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ amọ̀, tí kò sì sí ibi tó rẹlẹ̀ tí páìpù lè já sí, tí kò sì fẹ́ gbẹ́ kòtò ìgbomi tó jìn kọjá amọ̀ náà, n kò ní gbà á nímọ̀ràn láti tẹ́ koríko yìí rárá. Òkúta wẹ́wẹ́ tàbí èèpo igi yóò tẹ́ ajá rẹ̀ lọ́rùn jù. Bákan náà ni ẹni tí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ń gba oòrùn láti òwúrọ̀ di alẹ́ láìsí òjìji kankan.

Lára ti èkejì yìí, ohun kan ṣoṣo ló ń dà mí láàmú. Ẹnu páìpù náà, níbi tó já sí, máa ń fẹ́ dí fún ewé àti irun ajá. Mo fi asẹ́ wáyà dí i, asẹ́ náà sì ń kó wọn jọ. Lóṣooṣù ni mo ń lọ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, Kékeré a sì dúró tì mí, a máa wo inú rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan fẹ́ jáde.